Ibi Tí A Ti Ń Wòran: Ìtàn Yàrá Sinimá Nínú Ilé

Bí ẹ bá dárúkọ yàrá sinimá inú ilé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn ni ilé olówó kan ní Lẹ́kí tàbí ní Amẹ́ríkà: àga aláwọ tó ń na ẹsẹ̀ fún ẹni tó jókòó, àjà tí wọ́n fi iná wẹ́wẹ́ ṣe bí ìràwọ̀, ògiri tí wọ́n kùn dúdú, àti àwòrán akọni òyìnbó kan lẹ́nu ọ̀nà. Wọn yóò ní ohun àjèjì ni, pé kò tíì pẹ́ tó dé, àti pé kò kan irú àwa tí a wà ní Ìlórò-Èkìtì. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan ni àjèjì. Ibi tí a yà sọ́tọ̀ fún ìwòran nínú ilé, tí a sì ṣe ọnà sí lára kí ó lè máa sọ ìtàn kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ti pẹ́ nílẹ̀ wa, àwọn tó sì mọ̀ ọ́n ṣe kò jìnnà sí wa rárá. Mo ní ìdí tí mo fi wádìí ọ̀rọ̀ yìí. N óò dé ibẹ̀.

Ààfin ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàlá ààfin nílẹ̀ Èkìtì kì í ṣe ibi ìgbatẹ́gùn lásán. Níbẹ̀ ni ọba ti ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ará ìlú ń wò ó, tí òun náà ń wò wọ́n. Níbẹ̀ ni onílù ti ń lù, tí oníjó ti ń jó, tí wọ́n ti ń dá ẹjọ́. Òpó tó gbé òrùlé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ró kì í sì í ṣe igi gbọọrọ kan ṣáá. Ẹlẹ́ṣin wà lára wọn, ìyá tó pọn ọmọ wà níbẹ̀, obìnrin tó kúnlẹ̀ wà níbẹ̀. Ìlú Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, tí kò jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa, lókìkí fún iṣẹ́ yìí. Agbọnbíọ̀fẹ́, agbẹ́gilére ará Ẹ̀fọ̀n tó kú ní 1945, wà lára àwọn tó gbẹ́ òpó fún ààfin Aláayè. Ẹ̀fọ̀n yìí kan náà ni wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí kí ó tó di ará Ìsẹ̀-Èkìtì, níbi tí ó ti ṣiṣẹ́ fún Arínjálẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń pè é dòní. Ó kú ní 1938.

Láàárín nǹkan bí 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Mo ti wo àwòrán ilẹ̀kùn náà títí ojú fi ń ro mí. Ewé ilẹ̀kùn méjì ni. Lára ti òsì, Ògògà jókòó tòun ti adé, olorì sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Lára ti ọ̀tún, òyìnbó ìjọba kan tí ń jẹ́ Captain Ambrose ń bọ̀ wá kí ọba. Ènìyàn ni wọ́n gbé e, kò fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn. Àwọn tó ru ẹrù rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìpele ìpele ni Ọlọ́wẹ̀ to àwọn ère náà, ìkan lókè ìkan, tó fi jẹ́ pé bí ojú ṣe ń lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀ ni ìtàn ń lọ. Ó sì gbẹ́ wọn yọ jáde kúrò lára pákó débi pé orí wọn yíjú sí ẹni tó ń wọlé, bí ẹni pé àwọn gan-an ni wọ́n ń wo òun. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lójú mi, sinimá ni. Kò kàn rìn ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọ inú ilé náà yóò ti rí ìpàdé ọba àti òyìnbó kí ó tó rí ọba fúnra rẹ̀.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn yìí lọ sí Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi ìpàtẹ ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe àfihàn ohun tó wá láti àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀. British Museum ní àwọn fẹ́ ẹ. Ògògà kò gba owó. Ìtẹ́ tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó gbà dípò rẹ̀. Ilẹ̀kùn náà wà ní Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Bí mo bá rò ó báyìí, mo máa ń yin ọba náà pé ó mọ pàṣípààrọ̀; bí mo bá tún un rò, inú á bí mi díẹ̀.

Nígbà tí sinimá dé ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó, àwọn náà rí i pé ògiri lásán kò tó. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1922, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Sid Grauman ṣí ilé sinimá kan ní Hollywood tí wọ́n kọ́ bí ilé àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, pẹ̀lú òpó ràgàjì àti àwòrán ara ògiri. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rí ibojì Tutankhamun ní Íjíbítì, tí gbogbo ayé sì ń sọ̀rọ̀ Íjíbítì. Ẹ wo bí orí ṣe ń bá oníṣòwò ṣiṣẹ́! Ní 1927 ó tún ṣí òmíràn tó dà bí ilé ilẹ̀ Ṣáínà. Àwọn olówó wọn náà ń ní ibi ìwòran tiwọn nínú ilé. Ní 1942, yàrá tí àwọn àlejò ti ń fi ẹ̀wù òtútù kọ́ ní White House ni wọ́n sọ di yàrá sinimá fún Ààrẹ Franklin Roosevelt. Yàrá ìfẹ̀wùkọ́ ni. Mo fẹ́ràn èyí, nítorí ó fi hàn pé yàrá sinimá kì í sábà jẹ́ yàrá tí a kọ́ látìpilẹ̀. Yàrá tó ti ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tẹ́lẹ̀ ni.

Ní ti Nàìjíríà, oṣù kẹjọ ọdún 1903 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ènìyàn, ní Glover Memorial Hall ní Èkó. Ilé-iṣẹ́ Balboa láti Barcelona nílẹ̀ Sípéènì ló gbé e wá, Herbert Macaulay sì lọ́wọ́ sí i. Orúkọ John Glover, òyìnbó tó ti ṣe gómìnà Èkó rí, ni wọ́n fi sọ gbọ̀ngán náà. Ní gbọ̀ngán yìí kan náà, ní oṣù kẹfà ọdún 1944, ni Hubert Ogunde, ọmọ Ọ̀sọ́sà, tó ṣì jẹ́ ọlọ́pàá nígbà náà, ti gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, eré ṣọ́ọ̀ṣì tó dá lórí ọgbà Édẹ́nì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀, tó kó àwọn òṣèré rẹ̀ sínú ọkọ̀, tí wọ́n sì ń lọ láti ìlú dé ìlú.

Ọkọ̀ ni sinimá náà fi dé ìgbèríko. Ní 1939 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ tí yóò máa ṣe sinimá fún àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ gbé e kiri. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọn yóò ta aṣọ funfun sí gbàgede, jẹnẹrétọ̀ yóò máa kùn, ẹnì kan yóò máa túmọ̀ ohun tó ń lọ fún àwọn ènìyàn. Kò sí ògiri, kò sí àjà, kò sí ìjókòó àfi èyí tí kálukú bá gbé láti ilé. Ìran tó kọjá láàárín oko àti ọjà lálẹ́ ọjọ́ kan, tó bá di àárọ̀, ọkọ̀ ti lọ.

Àwọn òṣèré tiwa náà ń jìyà àìsí ibùdó. Kọ́lá Ògúnmọ́lá jẹ́ ọmọ apá ibí. Òkèmẹ̀sí-Èkìtì ni wọ́n bí i sí ní 1925. Iṣẹ́ tíṣà ló ṣe kí ó tó di òṣèré. Bí ó bá dé ìlú kan, inú gbọ̀ngán ìlú, inú kíláàsì, tàbí àgbàlá ilé ọtí ni eré rẹ̀ yóò ti wáyé, ohun tó bá sì bá níbẹ̀ ni yóò fi ṣe ìlú tí eré náà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ní 1963, ó gbé eré Lánkẹ́ Ọ̀mùtí jáde ní Arts Theatre Yunifásítì Ìbàdàn, látinú ìwé tí Amos Tutuola kọ ní 1952 nípa ọ̀mùtí kan tó lọ wá adẹ́mu rẹ̀ tó kú. Demas Nwoko ló ṣe ọnà orí ìtàgé àti aṣọ àwọn òṣèré. Ìgbà yìí ni ọmọ Òkèmẹ̀sí rí ilé tó bá eré rẹ̀ mu. Ní 1969 wọ́n gbé eré náà lọ sí Algiers níbi àjọ̀dún àṣà gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà. Ní 1973 Ògúnmọ́lá kú, kò tíì pé ọmọ àádọ́ta ọdún.

Nwoko tí mo dárúkọ yìí, ẹ má gbàgbé rẹ̀. Ọmọ Idumuje-Ugboko ni, kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ló ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó fẹ́ kọ́ ilé iṣẹ́ tirẹ̀ ní Mọ́kọ́lá, amọ̀ pupa ilẹ̀ wa pẹ̀lú sìmẹ́ńtì díẹ̀ ló fi ṣe búlọ́ọ̀kù rẹ̀, ó ya ihò sí ara ilé kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, ó sì kọ́ gbàgede eré sínú ọgbà, tí ìjókòó rẹ̀ ń gòkè bí àtẹ̀gùn. Ilé ayàwòrán tó ní ibi ìṣeré nínú. Ní 2023, ní Venice nílẹ̀ Ítálì, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà fún iṣẹ́ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú ilé kíkọ́.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní kí n mú ilé kan ṣoṣo nínú gbogbo ìtàn yìí, ilé ọtí kan ní Òṣogbo ni n óò mú.

Dúró Ládipọ̀ ni ó ni ín. Tíṣà ni òun náà, ọmọ oníṣẹ́ Ọlọ́run sì ni. Ó kọ orin fún ìjọ, ó fi ìlù dùndún sí i, àwọn kan nínú ìjọ sì bínú pé kí ni ìlù abọ̀rìṣà ń wá nínú ilé Ọlọ́run. Kàkà kí ó fi ìlù sílẹ̀, ibòmíràn ló wá fún un. Ní 1961, àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán ti dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ilé kan tó ti jẹ́ ilé oúnjẹ àwọn ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù rí. Ládipọ̀ ṣe eré rẹ̀ níbẹ̀, ohun tó rí sì wọ̀ ọ́ lójú. Ó padà sí Òṣogbo. Ní oṣù kẹta ọdún 1962, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier, ó sọ ilé ọtí rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Popular Bar di ilé eré àti ilé àwòrán.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: ẹni tó ń ta ọtí, tó ń rí owó lórí rẹ̀, palẹ̀ tábìlì mọ́ kí àwọn ènìyàn lè rí àyè wòran.

Orúkọ ilé náà gan-an dùn. Mbari jẹ́ ọ̀rọ̀ Íbò, ilé amọ̀ tí àwọn ará Òwéré máa ń kọ́ fún òrìṣà ilẹ̀, tí wọ́n máa ń kó ère sí. Àwọn ará Òṣogbo kò gbọ́ Íbò. Etí Yorùbá ni wọ́n fi gbọ́ ọ, ó di Mbárí Mbáyọ̀: bí mo bá rí i, n bá yọ̀. Nínú gbogbo orúkọ ilé eré tí mo kà nípa rẹ̀, kò sí èyí tó sọ ohun tí òǹwòran ń wá tó yìí.

Láàárín 1962 sí 1964 wọ́n ṣe ilé ẹ̀kọ́ ìyàwòrán fún ìgbà díẹ̀ díẹ̀ níbẹ̀. Denis Williams ló kọ́kọ́ darí rẹ̀, Georgina Beier sì tẹ̀ lé e. Àwọn tó wá kì í ṣe ọ̀mọ̀wé. Jacob Afọlábí wà níbẹ̀, Rufus Ògúndélé wà níbẹ̀, Múráínà Oyèlámì wà níbẹ̀. Twins Seven-Seven bá ijó wọlé, ó di ayàwòrán. Èyí tó wù mí jù ni ti Jímọ̀ Buráímọ̀: oníná ni, òun ló ń bójú tó iná orí ìtàgé fún Ládipọ̀, kí ó tó di ayàwòrán tí ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ọnà. Ẹni tó ń tan iná sí ère ni ojú rẹ̀ mọ́ sí ère. Àwòrán tí wọ́n ń ṣe ń wà lára ògiri ilé kan náà tí eré ń lọ nínú rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe pé wọ́n ra ọnà wá láti fi ṣe ilé lẹ́wà. Ilé náà ló ń bí ọnà.

Nígbà tí ilé náà pé ọdún kan, ní 1963, Ládipọ̀ gbé Ọba Kò So jáde, ìtàn Ṣàngó, Aláàfin Ọ̀yọ́. Ní 1964 eré náà dé Berlin ní Jámánì. Ní 1965 ó dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbi àjọ̀dún ọnà àwọn ilẹ̀ Commonwealth. Àgbàlá ilé ọtí ló ti jáde. Ládipọ̀ kú ní 1978.

Ẹ wá fi wé ti Iganmu. Ní 1976 ìjọba àpapọ̀ parí National Theatre ní Èkó, ní ìmúrasílẹ̀ fún FESTAC 77. Gbọ̀ngán ńlá inú rẹ̀ gba nǹkan bí 5,000 ènìyàn. Àwọn ará Bọ̀lùgéríà ló kọ́ ọ, ilé kan tó wà ní ìlú Varna lọ́dọ̀ wọn ni wọ́n sì wò kọ́ ọ. Nígbà tó parí, àwọn ènìyàn wò ó, wọ́n ní fìlà ọ̀gágun ni. Mi ò sọ pé ilé náà kò dára. Ní 2024 wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ọ́, mo sì fẹ́ wọ inú rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo ń sọ ni pé ilé ìwòran tó tóbi jù nílẹ̀ wa gba ìrísí rẹ̀ láti etí òkun àwọn ẹlòmíràn, nígbà tí ilé ọtí kékeré ní Òṣogbo gba tirẹ̀ láti ọwọ́ oníná àti oníjó àdúgbò.

Ní gbogbo àkókò yìí, àpótí kan ti ń wọ pálọ̀ àwọn ènìyàn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, lábẹ́ ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, wọ́n sì ń pe ara wọn ní àkọ́kọ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Àwọn òṣèré tó ti ń fi ọkọ̀ rìn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú àpótí náà. Kí 1980 tó parí, fídíò ti dé. Soso Meji, tí Adé Ajíbóyè ṣe ní 1988, wà lára àwọn eré Yorùbá àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò. Kò tún sí ohun tó ń jẹ́ wíwá gbọ̀ngán. Pálọ̀ ti di gbọ̀ngán.

Ìyá bàbá mi sọ bó ṣe rí nínú ilé wa ní Ìlórò fún mi. Tẹlifíṣọ̀n wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, ó sì ní ilẹ̀kùn pákó tí wọ́n máa ń tì bí kọ́bọ́ọ̀dù. Bí eré Alawada bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọdé yóò jókòó sílẹ̀, àwọn àgbà yóò gba àga, àwọn tí kò rí àyè yóò dúró sójú fèrèsé látìta. Màmá ní nígbà mìíràn orí tó wà ní fèrèsé máa ń pọ̀ ju èyí tó wà nínú ilé lọ. Bí NEPA bá mú iná, kò sẹ́ni tí yóò kọ́kọ́ lọ. Wọn yóò máa bára wọn sọ bí wọ́n ṣe rò pé eré náà yóò parí.

Ìdí tí mo fi ń wádìí rèé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń gbé ní Èkó ń tún ilé ẹbí wa kọ́, ó sì fẹ́ sọ pálọ̀ àtijọ́ yẹn di yàrá sinimá. Àwòrán tó mú wá láti Èkó kò yàtọ̀ sí èyí tí mo ṣàpèjúwe níbẹ̀rẹ̀: àjà oníràwọ̀, ògiri dúdú, àga mẹ́jọ, ẹ̀dá irin inú fíìmù òyìnbó kan lẹ́nu ọ̀nà. Yàrá náà jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 14 ní ìbú, 18 ní gígùn. Aṣọ ìwòran tó jẹ́ ínṣì 100 láti igun dé igun máa ń fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méje lé díẹ̀, ojú sì máa ń gbádùn rẹ̀ bí ènìyàn bá jókòó sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 11 sí i. Nítorí náà àyè wà. Ohun tó kù ni ohùn. Mo pàtẹ́wọ́ láàárín yàrá náà nígbà tó ṣófo, ó sì dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹta. Ògiri sìmẹ́ńtì tó kọjú síra ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn yóò lu èyí, yóò lu ìyẹn, ọ̀rọ̀ òṣèré yóò sì dàrú. Oníná ní kí a lẹ páálí ẹyin mọ́ ògiri. Páálí ẹyin fúyẹ́ jù, kò lè dá ohùn tó nípọn dúró. Aṣọ tó wúwo ni, kí a má sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri tímọ́tímọ́. Mo ní kí a fi àwọn aṣọ òkè àtijọ́ inú àpótí Màmá ta á. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó ní sinimá ni òun ń ṣe, òun ò ṣe ìgbéyàwó.

Mo wá fi àwòrán ilẹ̀kùn Ìkẹ́rẹ́ hàn wọ́n, mo sì sọ ìtàn Mbárí Mbáyọ̀ fún wọn. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, gbogbo ilé tó lókìkí nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìtàn onílé ló wà lára wọn. Ẹ̀dá irin yìí, kí ló mọ̀ nípa wa?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Màmá, tó ti ń gbọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ló bèèrè ohun tí èmi pàápàá kò rò.

"Àga mẹ́jọ," wọ́n ní. "Àwọn tó máa ń dúró sí fèrèsé ńkọ́? Ibo ni wọn yóò wà?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní yàrá sinimá kì í ní fèrèsé, Màmá, torí ìmọ́lẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń pa àwòrán rẹ́ lára aṣọ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, ìta náà ṣókùnkùn, bó ṣe rí nígbà ọkọ̀ sinimá. Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi jiyàn. Nígbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi gbà pé kí bíríkìlà fọ́ ògiri tó kọjú sí àgbàlá, kí a fi ilẹ̀kùn pákó oníwéé mẹ́rin tó ṣeé ká dí i: a óò tì í lọ́sàn-án, a óò ká a lálẹ́ bí ẹni tó ń bẹ níta bá pọ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ohùn tó máa ń lu ògiri yẹn yóò gba ibẹ̀ jáde lọ. Àjà oníràwọ̀ dúró. Wọn ò gbà fún mi níbẹ̀. Aṣọ òkè náà ṣì ń fa ọ̀rọ̀.

A ti gbé ìwọ̀n ilẹ̀kùn náà lọ bá agbẹ́gilére kan lápá Ẹ̀fọ̀n. Ó bèèrè ohun tí a fẹ́ kí ó gbẹ́ sí i. Èmi fẹ́ kí Ọ̀mùtí Ògúnmọ́lá wà lára ewé méjì, kí ọkọ̀ sinimá máa bọ̀ lára méjì yòókù, bí òyìnbó ṣe ń bọ̀ wá bá Ògògà. Màmá ní tẹlifíṣọ̀n ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni kí ó gbẹ́, kí ó sì gbẹ́ orí àwọn ènìyàn sí fèrèsé, àti pé àwọn yóò dárúkọ wọn fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkùnrin náà gbọ́ tiwa tán, ó fọwọ́ pa pákó ìrókò tó dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó ní igi náà kò tíì gbẹ, kí a padà wá lẹ́yìn ọyẹ́.